Ilé hanok àwọn bàbá ọkọ mi ní Andong: kí ni ká mú nínú rẹ̀ wọ ilé tuntun?

Ìyàwó Andong

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa tó wà ní Kòríà, àti ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ilé kíkọ́ níbikíbi tí ẹ bá wà. Ọmọ Òṣogbo ni mí, ọmọ Kòríà ni ọkọ mi, inú fúláàtì là ń gbé ní Daegu. Àwọn bàbá ọkọ mi ní ilé kan ní abúlé tí kò jìnnà sí ìlú Andong. Hanok gidi ni, ilé ìbílẹ̀ àwọn ará Kòríà: òpó igi páìnì dúró lórí òkúta, ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀, òrùlé rẹ̀ jẹ́ giwa, àwo amọ̀ dúdú yẹn. Ilé náà yí àgbàlá kékeré kan ká ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ ọ lágbègbè Andong. Béèyàn bá dúró láàárín, ojú ọ̀run nìkan ló kù tó máa rí lókè. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọbẹ̀, ilé bàbá bàbá mi ló wá sí mi lọ́kàn, torí àkòdì wa náà rí bẹ́ẹ̀, àwa ọmọdé a máa gbé garawa sábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ bí òjò bá ti ṣú.

Òjò èṣí ló ba ọwọ́ ẹ̀yìn ilé náà jẹ́. Òrùlé rì, ògiri kan sì wó. Ìyá ọkọ mi ṣì ń gbé lọ́wọ́ iwájú, ní yàrá tó kọjú sí gúúsù, wọn ò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀. A ti wá pinnu pé a ó kọ́ ilé tuntun sórí ilẹ̀ náà, kí àwa àti àwọn ọmọ wa méjèèjì kó lọ bá wọn.

Ọkọ mi fẹ́ kọnkéré àti gíláàsì fífẹ̀, ilé tí òtútù ò ní rí ibi gbà wọlé. Ayàwòrán ilé tí a lọ bá ya àpótí kọnkéré kan fún wa, ó gbé òrùlé dúdú tó tẹ̀ létí lé e lórí, ó ní hanok ìgbàlódé nìyẹn. Ara mi ò gbà á rárá. Irú ilé oúnjẹ tí wọ́n ń kọ́ sẹ́bàá títì márosẹ̀ ló jọ. Ìyá ọkọ mi wo àwòrán náà títí, wọ́n ní, "Maru dà?" Wọn ò sọ nǹkan mìíràn. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, maru ni gbọ̀ngán onípákó tó wà láàárín ilé, tí iwájú rẹ̀ ṣí sí àgbàlá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìrántí àwọn bàbá wọn tó ti kú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa ata, ibẹ̀ náà ni gbogbo ilé ń nà sí lọ́sàn-án nígbà ooru.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni a lè mú nínú ilé àtijọ́ yìí wọ ilé tuntun, tí kò ní jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán, tí ọmọ á lè sáré níbẹ̀, tí àgbà á sì lè sinmi? Ṣé wọ́n lè tún àwọn òpó náà lò? Báwo sì lẹ ṣe ń ṣe é pẹ̀lú òtútù Oṣù Kìíní? Ilẹ̀kùn onípépà tí wọ́n ń fi sí yàrá hanok yẹn ń bà mí lẹ́rù.

Ayàwòrán Suwon

Àǹtí, ẹ kú ètò ilé. Ilé yíyà ni mo kọ́ ní Kòríà níbí, òun náà ni mò ń ṣe jẹ. Ìyá ọkọ yín ti fọwọ́ bà á gan-an. Ẹ jẹ́ ká fi òrùlé sílẹ̀ ná, ká bẹ̀rẹ̀ láti orí oòrùn.

Ní Andong, ní ọ̀sán gangan nígbà tí ojúmọ́ gùn jù ní Oṣù Kẹfà, oòrùn ga tó ìwọ̀n dígírì 77 lójú ọ̀run. Nígbà tí ojúmọ́ kúrú jù ní Oṣù Kejìlá, kò ga ju 30 lọ. Gbogbo ọgbọ́n etí òrùlé hanok wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì yìí. Ká ní etí òrùlé fi mítà 2.4 ga sí ilẹ̀ yàrá, kó sì yọ síta kọjá ògiri ní mítà 1.2. Nígbà ooru, òjìji rẹ̀ á bo ojú ilé látòkè délẹ̀ lọ́sàn-án. Nígbà òtútù, oòrùn á gba abẹ́ etí òrùlé yẹn kan náà wọlé, á sì tàn dé nǹkan bíi mítà 3 sínú yàrá. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ kankan. Ìyẹn la fi gbọ́dọ̀ kọjú ilé sí gúúsù, kí etí òrùlé rẹ̀ sì yọ dáadáa. Tí gíláàsì fífẹ̀ tí ọkọ yín fẹ́ kò bá ní etí òrùlé lókè rẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ni yóò máa jẹ owó yín ní Oṣù Kẹjọ.

Ilẹ̀ ilé ló kàn, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Hanok kó ilẹ̀ oríṣi méjì sínú ilé kan ṣoṣo: ondol fún òtútù, maru fún ooru. Ní ayé àtijọ́, iná tí wọ́n bá dá ní ààrò ló ń gba abẹ́ yàrá kọjá. Ooru àti èéfín á máa rìn nínú ihò tí wọ́n to òkúta pẹlẹbẹ lé lórí, títí á fi bá ihò èéfín jáde lápá kejì. Ibi tó sún mọ́ ààrò ló ń gbóná jù, àgbà ilé ló sì ni ibẹ̀. Lónìí, omi gbígbóná ló ń gba inú páìpù lábẹ́ símẹ́ńtì, fúláàtì yín ní Daegu náà ń lò ó. Kòríà kọ àṣà ondol mọ́ ogún ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè wọn ní 2018, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù pé ondol máa parẹ́. Maru ló wà nínú ewu. Òun làwọn ayàwòrán ilé máa ń kọ́kọ́ gé kúrò kí pálọ̀ lè fẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi ni, màá fi yàrá ìyá sápá kan, yàrá yín sápá kejì, maru láàárín. Kí pákó rẹ̀ nípọn, kó ga kúrò nílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀, kó má sì sí páìpù omi gbígbóná lábẹ́ rẹ̀, torí pákó tó nípọn á ká. Ẹ wá fi ilẹ̀kùn gíláàsì sí iwájú rẹ̀ fún ìgbà òtútù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní gíláàsì ò bá àṣà mu, ẹ ní kó lọ wo àdúgbò Bukchon ní Seoul. Púpọ̀ nínú àwọn hanok tí gbogbo ayé ń ya fọ́tò níbẹ̀, láàárín ọdún 1930 sí 1940 ni wọ́n kọ́ wọn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jeong Segwon ló ń ra ilẹ̀ ńláńlá, á gé e sí wẹ́wẹ́, á kọ́ hanok kéékèèké sí i fún àwọn ará ìlú. Gíláàsì wà lójú maru wọn, bíríkì wà lára ògiri tó kọjú sí títì, páànù sì wà létí òrùlé tó ń gbe omi òjò. Àwọn èèyàn yẹn ti ṣe ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí kí wọ́n tó bí àwọn òbí wa.

Àgbàlá ńkọ́? Ẹ má gbin koríko sí i, ẹ má da símẹ́ńtì sí i. Ilẹ̀ lásán tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni àwọn àgbà wọn ń fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta sókè láti ilẹ̀ wọnú yàrá. Bí oòrùn bá sì ti mú ilẹ̀ náà gbóná, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á gòkè, á fa afẹ́fẹ́ tútù láti ẹ̀yìn ilé gba inú maru kọjá. Ẹ jẹ́ kí igi àti òjìji wà lẹ́yìn ilé, kí maru sì ní ilẹ̀kùn lápá ẹ̀yìn.

Ní ti òrùlé giwa, owó gidi ló ń gbà. Bí owó bá fẹ́ dín, òun ni màá kọ́kọ́ yọ.

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà

Ẹ̀gbọ́n Suwon, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dùn mọ́ mi àfi ti ìparí yẹn. Mò ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá gbẹ́nàgbẹ́nà hanok kan ní ẹkùn Gyeongsang, káfíńtà sì ni bàbá tó bí mi l'Ábẹ́òkúta.

Òrùlé hanok kì í ṣe fìlà tí wọ́n kàn dé lé ilé lórí. Wọn kì í fi ìṣó kan òpó mọ́ ìtì igi, ńṣe ni wọ́n ń gbẹ́ ẹnu ọ̀kan wọ inú èkejì. Àjákù igi àti amọ̀ tí wọ́n kó sábẹ́ giwa, ìwúwo wọn ló ń tẹ gbogbo ẹ̀ mọ́ra. Tí ẹ bá gbé páànù fúyẹ́ lé òpó àtijọ́ lórí, ẹ ti yí bí ilé náà ṣe ń dúró padà.

Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí katapílà wọ àgbàlá yẹn kí ẹni tó mọ igi tó yẹ̀ ẹ́ wò. Igi ilé àtijọ́ níye lórí gan-an níbí, gojae ni wọ́n ń pè é, àwọn èèyàn ń wá a kiri. Ó ti gbẹ tán, kò ní ká mọ́, kò ní sún kì mọ́. Páìnì tuntun á máa sán ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ ó máa gbọ́ ìró rẹ̀ lóru, àlàfo á sì ṣí láàárín òpó àti ògiri. Àlàfo yẹn lòtútù ń gbà wọlé jù, kì í ṣe ilẹ̀kùn pépà tí ẹ ń bẹ̀rù.

Ìdí òpó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí ìdí ló máa ń jẹrà. Bó bá jẹ́ ìdí nìkan, wọ́n á gé ibi tó jẹrà, wọ́n á fi igi tuntun lé e nísàlẹ̀, òpó á sì tún dúró. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu lọ́dọ̀ ọ̀gá mi nìyí: òkúta tí òpó ń dúró lé kì í tẹ́jú. Ọ̀gá á fi irinṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì tọ gbogbo kòtò àti gegele òkúta náà, á yà á sí ìdí òpó, á sì gbẹ́ igi títí á fi bá òkúta mu rẹ́gí. Wọn kì í gé òkúta nítorí igi.

Ẹ tún gbójú sókè maru, kẹ́ ẹ wo igi tó gùn jù lábẹ́ góńgó òrùlé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi yíǹkì kọ ọjọ́ tí wọ́n gbé e gòkè sára rẹ̀. Wọ́n tún máa ń kọ àmì dírágónì sí ìpẹ̀kun kan àti àmì ìjàpá sí ìpẹ̀kun kejì, ẹranko inú omi ni wọ́n ka méjèèjì sí, kí iná má baà jó ilé. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbé igi yẹn gòkè, oúnjẹ àti ọtí ni fún àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn kan igi yẹn.

Èrò tèmi rèé. Ọwọ́ iwájú ilé náà ṣì wà lórí ìdúró, àbí? Yàrá ìyá àti maru wà níbẹ̀. Ẹ tún un ṣe, ẹ dá a sí bó ṣe wà. Ọwọ́ ẹ̀yìn tó ti wó ni kẹ́ ẹ kọ́ tuntun sí, bó ti wù kó jẹ́ kọnkéré: ilé ìdáná, balùwẹ̀, yàrá àwọn ọmọ. Àgbàlá kan náà ni wọn yóò jọ yí ká. Ẹ má tú ilé bàbá wọn palẹ̀ kẹ́ ẹ wá so igi rẹ̀ kọ́ sábẹ́ àjà kọnkéré bí ẹní so àwòrán kọ́.

Kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ lọ bá ìjọba ìlú. Òfin lórí hanok wà láti 2014, àwọn ìlú kan sì máa ń ran onílé lọ́wọ́ láti tún un ṣe. Ìrànlọ́wọ́ yìí yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, ilé tí wọ́n bá sì yọ òpó igi àti òrùlé rẹ̀, wọn ò ní kà á sí hanok mọ́.

Ayàwòrán Suwon

Àbúrò, o ṣeun. Mo gbà pẹ̀lú ẹ pé kí wọ́n dá ọwọ́ iwájú sí, ó dára ju ohun tí mo sọ lọ. Ṣùgbọ́n má gbàgbé ilẹ̀ tó mì ní Gyeongju ní Oṣù Kẹsàn-án 2016, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 5.8. Gyeongsang àríwá kan náà ni Gyeongju àti Andong wà. Ọ̀pọ̀ òrùlé giwa níbẹ̀ ló bàjẹ́, àwo wọn yọ̀ bọ́. Mi ò lè sọ fún ìyá àti ọmọ pé kí wọ́n sùn sábẹ́ ìwúwo bẹ́ẹ̀ láìbìkítà.

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi kó amọ̀ sábẹ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n á fi igi ṣe férémù, wọ́n á fi ìdènà òtútù kún inú rẹ̀, wọ́n á sì fi ìṣó onídè mú giwa kọ̀ọ̀kan. Ó fúyẹ́ gan-an, kì í sì í yọ̀. Ojú òrùlé á ṣì rí bákan náà láti àgbàlá, ilé á sì móoru sí i. Ẹ lè tún lo giwa àtijọ́ tí kò sán, kẹ́ ẹ kó wọn jọ sí ibi tí ojú ń rí jù.

Màmá Jeonju

Ìyàwó wa, ọmọ mi, ẹ kú ìfẹ́ tí ẹ ní sí ilé ọkọ yín. Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ti sọ̀rọ̀ òpó, ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú ilé, torí èmi ni mò ń gbá ilé irú èyí lójoojúmọ́. Jeonju la wà, ilé wa jẹ́ àtijọ́ lápá kan, tuntun lápá kan, ìyá ọkọ mi sì bá wa gbé níbẹ̀ títí wọ́n fi lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ronú nípa orúnkún ìyá. Hanok kún fún gígòkè sọ̀kalẹ̀. Òkúta ìbọ́bàtà wà lẹ́nu maru, igi tí a ń gbé ẹsẹ̀ kọjá wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan, ilé ìdáná àtijọ́ sì rì wálẹ̀ ju yàrá lọ nítorí ààrò tó gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ondol. Ní ilé wa, ìyá á gun òkè sọ̀kalẹ̀ tìtorí ife omi kan. A gbé ilé ìdáná wá sí ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú yàrá, a fi òkúta ìbọ́bàtà kejì sísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́ kí ìgbésẹ̀ lè kúrú, a sì fi igi ìdìmú sára òpó. Balùwẹ̀ ìyá gbọ́dọ̀ sún mọ́ yàrá wọn, kí wọ́n má ṣe gba àgbàlá kọjá lóru nínú yìnyín.

Ilẹ̀kùn pépà: ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì yọ ọ́. Ẹ fi ilẹ̀kùn gíláàsì olójú méjì síta, kẹ́ ẹ fi ti hanji, pépà ìbílẹ̀ wọn, sínú. Igi dak ni wọ́n fi ń ṣe hanji, ó lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá láàárọ̀ kì í ta sí ojú, yàrá á mọ́ kedere láìsí pé ẹni tó wà níta ń rí yín. Àwọn ọmọ yín á ti ìka bọ̀ ọ́, kò sọ́gbọ́n tẹ́ ẹ lè dá sí i. Bí ìgbà ìwọ́wé bá dé, ẹ ó ya á kúrò, ẹ ó lẹ òmíràn. Ìyá ọkọ mi a máa fi ewé gbígbẹ sáàárín pépà méjì lẹ́bàá ibi tí ọwọ́ ń dì mú, kí ibẹ̀ lè le. Ẹ jẹ́ kí ìyá yín kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ yẹn.

Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ìyá ibi tí wọ́n fẹ́ kí àwọn ìkòkò ọbẹ̀ wọn wà. Mo rí ilé tuntun tó rẹwà tí wọn ò ráyè fún ìkòkò doenjang, èròjà ọbẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, níbẹ̀. Oòrùn ni ìkòkò yẹn fẹ́, àti afẹ́fẹ́, kó má sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ó tún ku ibi ìkẹ́rùsí. Hanok kì í ní i tó. Ṣùgbọ́n lókè ilé ìdáná àtijọ́, wọ́n máa ń ní àjà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní darak, bí àjà tiwa náà tí a ń kó àgbàdo sí. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é sókè ilé ìdáná tuntun náà, kẹ́ ẹ fi fèrèsé kékeré sí i. Ẹ ò ní rí ọmọ ní pálọ̀ mọ́.

Ìyàwó Andong

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ̀yin Màmá Jeonju pàápàá. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún ọkọ mi lédè wọn. Ti oòrùn tó wọlé mítà 3 ló mú un, ó gbé téèpù jáde, a wọn etí òrùlé ọwọ́ iwájú: ó yọ ju mítà 1.2 lọ díẹ̀. Ó gbà pé ká dá ọwọ́ iwájú sí. Ìyá ọkọ mi ní kí wọ́n gbé àwọn ilẹ̀kùn maru àtijọ́ padà sáyè wọn, àwọn tí wọ́n ń ká sókè tí wọ́n ń fi kọ́ ìkọ́ irin lábẹ́ àjà nígbà ooru, nítorí ìkọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ọkọ mi ò mọ ohun tí ìkọ́ yẹn wà fún látọjọ́ tó ti dáyé.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ibo ni kí ọwọ́ tuntun kọnkéré ti fara kan ọwọ́ igi? Ṣé a sì lè fi ọwọ́ ẹ̀yìn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi rí gbẹ́nàgbẹ́nà?

Ayàwòrán Suwon

Ẹ má jẹ́ kí òrùlé méjèèjì pàdé, ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni òjò á ti máa jò. Igi ń mì, kọnkéré kì í mì tó o. Ẹ fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ gíláàsì tóóró kan so wọ́n pọ̀, kí òrùlé rẹ̀ tẹ́jú, kó sì rẹlẹ̀ ju etí òrùlé méjèèjì lọ, pẹ̀lú àlàfo díẹ̀ tí wọ́n fi rọ́bà dí. Bí mítà kan ààbọ̀ ní fífẹ̀ tó. Ẹ fún ayàwòrán yín ní ọ̀rọ̀ yìí, bí kò bá yé e, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ọmọ Gbẹ́nàgbẹ́nà

Ẹ má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìparí Oṣù Kẹfà. Kó tó dé, ẹ fi tapólì bo gbogbo ibi tí òrùlé ti ṣí, ṣùgbọ́n ẹ má wé e mọ́ igi, kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kó amọ̀ tó wó kúrò nídìí òpó, torí ó ń mu omi sí i. Ẹ kọ nọ́ńbà sára igi kọ̀ọ̀kan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà kẹ́nikẹ́ni tó gbé e. Ẹ fi fọ́tò ìdí àwọn òpó ránṣẹ́ síbí, màá fi han ọ̀gá mi.